Písítìn Honda 175 bàbá mi

Písítìn kan, ohun tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, wà lójú fèrèsé yàrá mi ní Tánkè, nílùú Ìlọrin. Bí ẹ bá gbé e sọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti họ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíi pé ẹnì kan fi fáìlì rẹ́ ẹ, ríìngì rẹ̀, òrùka irin tó yí i ká, sì ti lẹ̀ mọ́ ojú ilà tó yẹ kó ti máa mì. N kò jù ú nù. Ara rẹ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó tí mo sì fi kọ́ ọ kò kéré.

Bàbá mi ló ni máṣíìnì náà. Honda CD175 ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Honda 175. Olùkọ́ ni bàbá mi. Òmù-Àrán là ń gbé, Òró ló ti ń kọ́ni, orí máṣíìnì yẹn ló sì ń wà lọ tó ń wà bọ̀ lójoojúmọ́. Láti ilé ìdáná ni màmá mi ti máa ń mọ̀ pé bàbá ti wọ àdúgbò, torí ìró rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Suzuki àtàwọn yòókù. Písítìn méjì ló ní. Àwọn méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í yìn lẹ́ẹ̀kan náà: bí ọ̀kan bá yìn, èkejì á dúró de ìyípo tó kàn. Ìyẹn ni ìró rẹ̀ fi máa ń lọ geere bí obìnrin méjì tó jọ ń gún iyán nínú odó kan, tí ọmọ odó wọn kì í kọlu ara wọn.

Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi tapólì bò ó. Ọdún gorí ọdún. Nígbà tí mo wá tọrọ rẹ̀ láti tún un ṣe, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá sọ: "Bí o bá máa tún un ṣe, tún un ṣe dáadáa. Má ba ohun tí mo tọ́jú jẹ́." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Mo gbé e wá sí Ìlọrin nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Mo fọ kábúrétọ̀, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, mo da óìlì tuntun sí i. Kíìkì kẹrin ló dáhùn. Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni èéfín aláwọ̀ aró bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Óìlì ló ń jó. Mo tú héèdì, mo ti ìka bọ inú búlọ́ọ̀kù, ibi tí ihò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀ wà, mo fi èékánná fa ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó ń yọ̀ bọ̀ títí, àfi ìgbà tó kù díẹ̀ kó dé etí òkè tí èékánná mi kọ́ nǹkan, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kọ́ ìloro. Ríìngì kì í dé ibi tó ga jù nínú búlọ́ọ̀kù, nítorí náà ibẹ̀ máa ń wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ríìngì ti ń yí padà, níbi tí iná ti pọ̀ jù tí óìlì sì kéré jù, ibẹ̀ ló máa ń jẹ. Ìloro yẹn ni òṣùwọ̀n ọdún tí bàbá mi fi gun máṣíìnì yìí.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kàn pààrọ̀ ríìngì. Ẹ jọ̀ọ́, bí búlọ́ọ̀kù bá ti jẹ débi tí èékánná ń kọ́, ríìngì tuntun kò lè gbà á là. Á kọlu ìloro yẹn, á sì ṣẹ́. Ní ti ìyẹn, mo ṣe ohun tó tọ́. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé n kò wọn nǹkan kan.

Ihò 52 mìlímítà ni Honda ṣe fún ẹ́ńjìnnì yìí, písítìn á sì rin 41 mìlímítà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, á fún yín ní 174 sísì (cc). Bí ihò bá jẹ, wọ́n á gbẹ́ ẹ fẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì fi písítìn tó tóbi díẹ̀ sí i: 0.25, 0.50, 0.75, kó tó wá kan 1.00. Tí ẹ bá ka ti ilé iṣẹ́ mọ́ ọn, ẹ̀mí márùn-ún ni búlọ́ọ̀kù ní nìyẹn. Lẹ́yìn 1.00, àfi kí wọ́n wá sílíìfù, ìyẹn ògiri ihò, tuntun tì bọ̀ ọ́. Bàbá mi, ní gbogbo ọdún tó fi ń gùn ún, ẹ̀mí kan péré ló lò. Ẹ̀mí mẹ́rin ló fi lé mi lọ́wọ́.

Mo gbé búlọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní léèdì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúkú lọ sí ìdajì, òun ló máa fọ̀ ọ́ mọ́." Mo ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Kò béèrè písítìn lọ́wọ́ mi, èmi náà kò mú un dání. Ó gbẹ́ méjèèjì sí 52.50 géérégé, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Tí mo bá sọ pé òun ló jẹ̀bi, irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo ní máṣíìnì, èmi ló yẹ kí n béèrè.

Ìgbà tí ihò ti fẹ̀ tán ni mo wá ń wá ẹni tó máa gbé inú rẹ̀. Ẹ̀yà CD175 kò pọ̀ lọ́jà mọ́. Mo rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan gbé písítìn Jincheng AX100 fún mi, ó ní kí n fi gbìyànjú. 50 mìlímítà ni ìyẹn, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po óìlì mọ́ pẹtiróòlù fún ló sì wà fún. Ríìngì tó ń gbá óìlì kò sí lára rẹ̀ rárá. Ẹlòmíràn mú ti CG125 wá, 56.5 mìlímítà. Ògiri búlọ́ọ̀kù mi ò ní kù nǹkan kan tí mo bá gbẹ́ ẹ débẹ̀. Níkẹyìn mo rí páálí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú písítìn kan nínú, wọ́n kọ CD175 0.50 sí méjèèjì. Wọ́n ń dán. Mo fi ojú wò wọ́n, wọ́n jọra bí ìbejì. Mo sanwó, mo sì gbé wọn lọ fún mẹkáníìkì mi, ọjọ́ kejì ló tò ó tán.

Ọjọ́ Sátidé ni mo gbéra láti gbé e lọ han bàbá. Mo kọjá Gánmọ́, mo kọjá Àmọ́yọ̀, ara máṣíìnì dá ṣáká. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé Ìdòfìàn, mo ṣàkíyèsí pé ó ń wúwo lábẹ́ mi, bíi pé ẹnì kan rọra tẹ bíréèkì. Mo fún un níná sí i. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Ìró kan jáde bí ìgbà tí wọ́n bá ń ha ìdí ìkòkò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì há pátápátá, táyà fa ilà dúdú sójú títì. Ọwọ́ mi kò kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, òun ló kó mi yọ. Mo fà á, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tú, mo yí lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Ìyá kan ń sun àgbàdo níbẹ̀. Ó sáré dìde. "Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o! Ṣé epo ló tán ni?"

"Rárá, mà. Ẹ́ńjìnnì ló há."

"Wá jókòó kí àyà rẹ balẹ̀ ná. Irin tó gbóná báyìí, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀."

Ó bu omi fún mi. Mo jókòó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo wá fi ọwọ́ ti kíìkì. Ó lọ. Irin ti tutù, ó sì ti tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dún kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ẹni ń mi òkúta nínú agolo. Mo pa á. N kò gùn ún lọ, n kò sì gùn ún bọ̀. Mo wá ọkọ̀ gbé e.

Akẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló júwe Bàbá Oníléèdì fún mi ní Ọ̀fà. Àgbàlagbà ni, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ́ búlọ́ọ̀kù ẹ̀rọ ìlọta kó tó di pé máṣíìnì pọ̀ nígboro. Mo kí i, mo to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ìwé ìròyìn. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó kàn ń wò wọ́n. Ó wá béèrè pé, "Èwo lo kọ́kọ́ ṣe, o ra písítìn ni àbí o gbẹ́ búlọ́ọ̀kù?"

"A gbẹ́ búlọ́ọ̀kù ni, sà."

"Aránṣọ wo ló máa ń gé aṣọ kó tó wọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́?"

Ó mú máíkírómítà jáde nínú àpótí pákó kan tó fi fẹ́ẹ́tì tẹ́ nínú, ó nù ún, ó sì wọn písítìn tó há. 52.49. Ó wọn èkejì. 52.43. Páálí méjì tí wọ́n kọ nǹkan kan náà sí, ìyàtọ̀ mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà ló wà láàárín wọn. Nínú ihò 52.50, ọ̀kan ní ààyè 0.01, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Èkejì ní 0.07, òun ló ń dún kọ́rọ́kọ́rọ́. Ó ní fún ẹ́ńjìnnì kékeré tí atẹ́gùn ń tù bí eléyìí, tí písítìn rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n dà, láti 0.03 sí 0.05 lòun máa ń fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá yé mi pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí písítìn, orúkọ ihò tó máa gbé e ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n písítìn fúnra rẹ̀. Písítìn 0.50 tó dára gbọ́dọ̀ kéré sí 52.50 díẹ̀. Ẹni tó ṣe àkọ́kọ́ tèmi yẹn kò yọ ààyè kúrò.

Mo béèrè pé kí ló dé tí 0.01 kò fi tó, ṣebí ó wọlé. Ó ní ó wọlé nígbà tó tutù. Alumíníọ́mù ni písítìn, irin ni ògiri tó ń fara nù. Bí ooru bá dé, alumíníọ́mù máa ń wú tó bí ìlọ́po méjì irin. Písítìn 52 mìlímítà, bí ooru rẹ̀ bá fi 100 digiri lé sí i, á fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà wú. Irin á wú ní bí ìdajì ìyẹn. Iná ń jó lórí písítìn gan-an, búlọ́ọ̀kù sì ní àwọn ìyẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Èyí tó ń wú jù náà ló tún gbóná jù. Láti Ìlọrin dé Ìdòfìàn, ààyè 0.01 ti tán.

Ọ̀nà tó gbà ń wọn písítìn ló gba àkókò mi jù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé n kì bá mọ̀ ọ́n wọ̀n bí mo tilẹ̀ ní máíkírómítà. Ó ní kí n wọn ọ̀kan fúnra mi. Mo mú un ní òkè, lẹ́bàá orí, mo sì kéde nọ́ńbà mi. Ó mi orí. Písítìn kì í ṣe ọ̀pá tó rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orí rẹ̀ kéré sí ìdí rẹ̀, torí orí ló máa gbóná jù, òun ló sì máa wú jù. Kò sì yípo bí kọ́bọ̀. Ó fẹ̀ díẹ̀ síbì kan, bí ẹyin. Ibi tí ihò píìnì wà, ìyẹn irin tó gba inú písítìn kọjá láti gbé e dúró, ló dín, ibi tó dá ìkòríta pẹ̀lú rẹ̀ ló fẹ̀. Nítorí náà, bí 10 mìlímítà sókè láti etí ìsàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí kò sí ihò píìnì, ibẹ̀ lẹ ti máa wọ̀n ọ́n. Ẹ wo písítìn tó wà lójú fèrèsé mi, ibẹ̀ gan-an náà ló ti họ. Ní ti búlọ́ọ̀kù, ibi mẹ́ta ló ti wọ̀n ọ́n, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, ó sì wọn ibi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, síwá-sẹ́yìn àti sọ́tùn-ún-sósì.

Ó gbé písítìn àtijọ́ tí bàbá mi lò, èyí tí mo kó wá nínú ọ̀rá láìmọ̀ pé ó wúlò. Inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn. Ó ní ẹ má sọ písítìn àtilẹ̀bá nù láé, òun ni ìwé ẹ̀rí tí ẹ̀ ń mú lọ sọ́jà. Láti àárín ihò píìnì dé orí písítìn, gíga yẹn gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Bí ó bá ga jù, ó lè lọ kan fáàfù. Bí ó bá kúrú jù, agbára ẹ́ńjìnnì á dín. Ihò píìnì gbọ́dọ̀ bá a mu, àwọn ojú kòtò tí fáàfù ń bọ̀ sí lórí rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bá a mu. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n lọ wọn ìwúwo méjì tí mo rà náà.

"Níbo ni mo ti máa rí òṣùwọ̀n tó kéré tó bẹ́ẹ̀, sà?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn oníwúrà."

Oníwúrà kan ní Ìlọrin ló wọ̀n wọ́n fún mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí irin dúdú máa gun òṣùwọ̀n òun. Gíráàmù mẹ́fà ni ọ̀kan fi wúwo ju èkejì lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì tí písítìn méjèèjì jọ ń gòkè jọ ń sọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò yẹ kí ọ̀kan máa fa ti rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun mìíràn tó tún dùn mí ni gbólóhùn tí Bàbá Oníléèdì fi pa ọ̀rọ̀ náà dé. Ó béèrè bí ìloro òkè búlọ́ọ̀kù ṣe ga tó kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ó ṣírò, ó ní, "Ó ṣeé ṣe kí 0.25 gba eléyìí là níbẹ̀rẹ̀." Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fo ẹ̀mí kan, èmi ba òmíràn jẹ́ ní Ìdòfìàn. Ilà tí písítìn tó há náà fà sára ògiri ti jìn, 0.75 nìkan ló lè pa á rẹ́. Ẹ̀mí tí bàbá mi fi ìtọ́jú pa mọ́, oṣù kan péré ni mo fi ná méjì nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó wá mọ bí wọ́n ṣe ń ra písítìn. Mo ra máíkírómítà tèmi. Mo máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú rẹ̀ lápò kan, písítìn bàbá mi lápò kejì. Àwọn kan bínú; wọ́n ní ṣé mo rò pé olè ni wọ́n ni. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì jáde. Àwọn mìíràn tìtara-tìtara ni wọ́n fi kó gbogbo ohun tí wọ́n ní síta fún mi kí wọ́n lè wo òṣùwọ̀n náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo rí méjì kan tí òṣùwọ̀n ìdí wọn dára gan-an, àfi pé láti píìnì dé orí wọn fi nǹkan bí 0.8 mìlímítà kúrú sí ti àtijọ́. Ká ní kì í ṣe pé mo gbé ti àtijọ́ dání ni, mi ò bá ti rà wọ́n. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ní Nnewi, ìlú tí ẹ̀yà máṣíìnì ti pọ̀ bí iyanrìn, ni mo ti rí ohun tí mo ń wá: méjì tí wọ́n ṣe ní Japan láti ọjọ́ pípẹ́, páálí wọn ti pọ́n, wọ́n ṣì wà nínú bébà olóìlì wọn. Ó ya fọ́tò wọn sí mi lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ kó fi kálípà mú wọn kó tún yà á. Ó ṣe é láìjanpata. Owó wọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n dé, mo wọ̀n wọ́n: 52.71 ni méjèèjì. Ìwúwo wọn kò yàtọ̀ ju ìdajì gíráàmù lọ.

Mo kó wọn lọ sí Ọ̀fà kí wọ́n tó fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù. Bàbá Oníléèdì fi bírò kọ "Ọ̀tún" àti "Òsì" sínú wọn, ó gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó máa gbé inú rẹ̀, 52.75, ó sì fi òkúta yí ògiri náà títí ó fi ní ilà wẹ́wẹ́ tó ń gba ara wọn kọjá, torí àárín ilà wọ̀nyẹn ni óìlì máa ń sá pamọ́ sí. Ó ti ríìngì bọ inú ihò, ó fi orí písítìn tì í kó lè dúró déédéé, ó wá fi fílà géèjì wọn àlàfo tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ó ń wá 0.15 sí 0.35. Ọ̀kan jẹ́ 0.10. Ó rẹ́ ẹ, díẹ̀ díẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìfáìlì méjì méjì. Bí ẹnu ríìngì bá pàdé nígbà tó bá gbóná, kò sí ibòmíràn tó máa wú sí, ògiri ló máa ya.

Bí a ṣe tò ó náà yẹ ní wíwò. Ó fi àkísà áńkárá dí ẹnu kíráńkì pátá kí kílíìpù píìnì má bàa já sínú. Kílíìpù tuntun ló lò, ó ní ti àtijọ́ kò ṣeé fọkàn tán. Ó ti písítìn bọ omi gbígbóná, ó nù ún gbẹ, píìnì sì wọlé pẹ̀lú ìka lásán, kò fi hámà kàn án. "IN" tí wọ́n kọ sórí písítìn kọjú sí ọ̀dọ̀ kábúrétọ̀, lẹ́tà ara ríìngì kọjú sókè. Nítorí pé méjèèjì jọ ń gòkè, ó fi pákó méjì gbé ìdí wọn dúró lókè kíráńkì, òun di ọ̀tún mú, èmi di òsì, a sì rọra sọ búlọ́ọ̀kù kalẹ̀ lé wọn lórí. Ríìngì ń wọlé ọ̀kọ̀ọ̀kan, tọ́, tọ́, tọ́.

Lẹ́yìn 100 kìlómítà mo da óìlì náà nù, mo fi mágínẹ́ẹ̀tì gbá a wò, ìyẹ̀fun irin tó bá jáde kò tó nǹkan. Fún 800 kìlómítà, n kò fún un níná ju ìdajì lọ, n kò sì jẹ́ kó dúró lórí ìyára kan náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo tún kọjá Ìdòfìàn, mo yà kí ìyá alágbàdo, mo ra mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gba Àjàṣẹ́-Ìpo, mo gba Òró kọjá, mo wọ Òmù-Àrán. Bàbá wà lórí ìjókòó lọ́dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti dìde dúró kí n tó yà wọ agbo ilé. Wọ́n kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan, wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé tàǹkì rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lù. Mo sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wọn, n kò fi ohunkóhun pa mọ́. Wọ́n ní, "Èwo ló kù báyìí?"

"1.00 nìkan, bàbá."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo padà sọ́dọ̀ oníṣòwò Nnewi yẹn. 1.00 méjì ti wà nínú àpótí irin bàbá ní Òmù-Àrán báyìí, mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú óìlì wé wọn, mo sì fi bírò kọ òṣùwọ̀n wọn sára páálí: ọ̀tún 52.96, òsì 52.96. Abẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé kí ẹnikẹ́ni tó bá máa lò wọ́n kó wọn lọ sọ́dọ̀ oníléèdì kó tó gbé búlọ́ọ̀kù lọ.